Oyin àti Iyọ̀ fún Ọsàn Wẹ́wẹ́ Bàbá Rẹ

Òkè-Ọ̀kà, Ọ̀kà-Àkókó.

Ìbíyínká ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé o sì ń jẹun dáadáa? Ọlọ́run tó mú ọ dé Èkó kò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ara tèmi le, orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu. Lẹ́tà ni mo kọ torí mi ò fẹ́ fi ìpè da obìnrin tó ń dáhùn ìbéèrè nínú fóònù tí o fi ránṣẹ́ sí mi láàmú, ó ti sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó yẹ kó sinmi.

Àwọn tó ń la ọ̀nà ti gé ọsàn wẹ́wẹ́ tí bàbá rẹ gbìn lọ́jọ́ tí a bí ọ. Mo sunkún bíi pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sin bàbá rẹ ni. Mo ṣa ẹ̀ka rẹ̀ jọ, mo ní igi yìí kò ní parun lójú mi. Mo gbé ẹ̀ka kan sún mọ́ fóònù kí obìnrin yẹn lè yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n kò wo ẹ̀ka náà, ìbéèrè mi nìkan ló dáhùn. Ó ní ká fi oyin pa ìdí ẹ̀ka kó tó wọlẹ̀, kó lè yọ gbòǹgbò. Mo lọ ra oyin lọ́wọ́ Limota lọ́jà Ìkàrẹ́.

Bí mo ti gbọ́ oyin báyìí, mo mọ̀ pé ìsọmọlórúkọ ni. Ta ló ń fi oyin sọmọ lórúkọ tí kì í gbé iyọ̀ tì í? Mo ní ó gbàgbé ni, mo bá gbin àwọn ẹ̀ka náà, mo bu iyọ̀ sí ìdí wọn dáadáa kí ayé wọn lè dùn, mo sì gbàdúrà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn gbẹ. Bridget aládùúgbò wa rẹ́rìn-ín títí, ó ní iyọ̀ ló pa wọ́n, kí n lọ ra ọsàn lọ́jà kí n sinmi. Mo ní ọsàn ọjà kọ́ ni bàbá rẹ gbìn.

Ẹ̀ka tútù díẹ̀ ṣì kù lára igi tó wó sílẹ̀. Mo gé wọn, mo já ewé ìsàlẹ̀ wọn, mo fi oje ewé etí erin àti oyin pa ìdí wọn láìsí iyọ̀, mo rì wọ́n sínú ike oníyanrìn, mo sì fi ọ̀rá bò wọ́n. Nínú yàrá mi ni wọ́n ń sùn. Wọ́n tún kú, ó ku ẹyọ kan. Lánàá mo rọra fà á wò, kò tẹ̀lé ọwọ́ mi, ó ti yọ gbòǹgbò. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo pe orúkọ bàbá rẹ.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ṣe ọgbà yí i ká, nítorí ewúrẹ́ Bridget. Má fi sínú fóònù o, kó má lọ bọ́ sọ́wọ́ obìnrin yẹn. Kí o tilẹ̀ mú un wá fúnra rẹ ló dára jù, torí mi ò ní gbìn ín sílẹ̀ títí o fi máa dé. Ìwọ ni kí o gbìn ín.

Ilẹ̀ ibi tí o wà yóò gbà ọ́, ọmọ mi. Ẹni tó bá fà ọ́ wò, o ò ní tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Eunice.