Àṣìṣe Ọ̀sẹ̀ Yìí

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kejì

Wọ́n ti gba báírò pupa lọ́wọ́ mi. Èmi! Báírò tí mo ti ń lò látìgbà tí ọ̀gá ilé ìwé wa tuntun yìí ṣì ń nu ikun sí apá aṣọ.

Ó ní ìlànà ìṣirò ti yí padà. Ó pín ìwé olójú kan fún gbogbo àwa tíṣà. Ìlà àkọ́kọ́: "A kì í kọ́ ọmọ ní ìṣirò kó lè yára. À ń kọ́ ọ kó lè mọ ọ̀nà tó gbà débẹ̀." Bí ọmọ bá ṣì í, a ò gbọdọ̀ sọ pé ó ṣì í. Ká ní: "Fi hàn mí bó o ṣe débẹ̀." Ọjọọjọ́ Ẹtì, ká yan àṣìṣe kan tó dára — tó dára o! — ká kọ ọ́ sórí páálí, ká gbé e kọ́ ògiri, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó pè é ní àṣìṣe ọ̀sẹ̀.

Orúkọ tí mo sọ ọ̀gá lónìí: Fihàn-mí. Ìwọ ìwé yìí nìkan lo mọ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Mo rojọ́ fún baálé mi bí mo ṣe ń ká aṣọ. Ó ní kí n kọ́kọ́ fi han òun bí mo ṣe dé ìdí ọbẹ̀ tó jóná lánàá. Mo bú u. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Àṣìṣe ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: 6 + 6 = 66. Ọmọ tó ni ín ń yan fanda kiri kíláàsì. Ayé ti bàjẹ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Bàbá Adákẹ́ wá bá mi ní kíláàsì.

Adákẹ́ ni mò ń pe ọmọbìnrin tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Látìgbà tí mo ti gba kíláàsì kẹta yìí, kò tíì dáhùn ìbéèrè ìṣirò kankan. Tó bá jẹ́ níta ni, ẹnu ẹ̀ kì í sinmi. Kí ìṣirò ṣáà ti dé, ó parí. Apoògùn ni bàbá ẹ̀, ó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn létí títì. Ó dúró níwájú páálí 6 + 6 = 66, ó ń wò ó bí ẹni tó rí eku nínú àwo oúnjẹ.

Ó ní, "Tíṣà, níbi iṣẹ́ tèmi, àṣìṣe kì í gun ògiri. Bí èmi bá ṣì í, òkú ló máa sùn."

Ohun tó wà nínú ikùn èmi gan-an ló sọ. Ó wá ní lọ́jọ́ tí àwọn òbí máa wá wo kíláàsì, ogúnjọ́ oṣù yìí, òun máa wà níbẹ̀. Tí ọmọ òun ò bá la ẹnu lọ́jọ́ náà, òun máa mú un lọ sí ilé ìwé mìíràn, níbi tí pàṣán ṣì ń ṣiṣẹ́ ẹ̀.

Pàṣán, fún ọmọ yẹn! Ìwọ̀nba ohùn tó kù lọ́fun ẹ̀ náà máa wọlé lọ. Inú ń bí mi, mi ò sì mọ ẹni tí mò ń bínú sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Mo bi í ní 9 − 4. Ó wo fèrèsé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Mo rí nǹkan lónìí!

Adákẹ́ kọ 52 − 17 = 45. Gbogbo ìyọkúrò tó ṣe ló ṣì, ọ̀nà kan náà ló sì gbà ṣì wọ́n. Ọwọ́ mi ń wá báírò pupa kiri, kò sí. Nígbà tí àwọn yòókù jáde lọ ṣeré, mo jókòó tì í, mo da ìdérí ìgò tí a fi ń kọ́ wọn ní kíkà sórí tábìlì, mo wá gbé ọ̀rọ̀ Fihàn-mí mì bí oògùn kíkorò: "Fi hàn mí bó o ṣe débẹ̀."

Ó to ìdérí méjì, ó to méje sísàlẹ̀ ẹ̀. Ó wò wọ́n. Ó wá gbé méje gorí méjì, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Eéje ju eéjì lọ, mà. Wọ́n ní àgbà ló máa ń ṣáájú."

Yéè! Àgbà ló fi síwájú! Wọ́n ní kó yọ méje kúrò nínú méjì, ó rí i pé méje ló dàgbà jù, ó bá gbé àgbà sókè, ó yọ ọmọdé kúrò lára ẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé ló fi ń ṣe ìṣirò. Gbogbo báírò pupa tí mo ti fi fa igi sí ìwé ẹ̀, ṣé ọmọ yìí kàn ń bọ̀wọ̀ fún àgbà ni?

Ẹ̀rín bú lẹ́nu mi. Ẹ̀rín ayọ̀ ni, Ọlọ́run ń gbọ́. Àmọ́ ó wo ojú mi, ó kó ìdérí ìgò jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pa ẹnu dé.

Mo ti ba nǹkan jẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mò ń rò ó ṣáá. Nílé: má dá ọ̀rọ̀ mọ́ àgbà lẹ́nu, má wo àgbà lójú, má sọ pé àgbà ṣì í. Ní kíláàsì: béèrè, jiyàn, sọ ohun tó o rí. Ọmọ kan náà là ń kọ́ ní méjèèjì. Èwo ni kó ṣe? Mo yẹ ìwé Fihàn-mí wò láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò dáhùn èyí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo lọ sọ ọ́ fún Fihàn-mí. Inú ẹ̀ dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́. Ó ní ká gbé 45 yẹn kọ́ ògiri lọ́jọ́ Ẹtì, pé òun ò tíì rí àṣìṣe tó dára tó bẹ́ẹ̀. Mo ní kò ṣeé ṣe. Ọmọ tí mo ti rẹ́rìn-ín sí, mi ò tún ní í gbé e gun ògiri. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ jàre, mà." N kò mọ̀ pé ó lè gbà báyẹn. Ọmọ gidi ni, a gbọ́dọ̀ sòótọ́.

Mo pe Adákẹ́. Mo ní inú mi ló dùn tí mo fi rẹ́rìn-ín, mo ní kó má bínú. Mo ṣàlàyé pé nínú ìyọkúrò, ẹni tó bá wà lókè ló ń ṣáájú, bó ti wù kó kéré. Tí agbára ẹ̀ ò bá ká a, á yá ọ̀kan lọ́wọ́ aládùúgbò. Ó mi orí.

Ọjọ́ Ẹtì, ogúnjọ́

Àwọn òbí kún kíláàsì, wọ́n ká ara wọn mọ́ àga àwọn ọmọ. Apoògùn wà níwájú, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Mo kọ 304 − 168 sí ojú pátákó. Ojú àwọn ènìyàn, ooru, ẹ̀rù tó ń bà mí nítorí ọmọ yẹn — mo ṣe é wéré, mo kọ 146, mo fa ìlà sábẹ́ ẹ̀, mo yíjú padà.

Kẹ́kẹ́ pa. Mo kọ́kọ́ rò pé mo tẹ́ wọn lọ́rùn ni. Ìgbà tó yá mo wo ojú àwọn ọmọ, mo rí i pé nǹkan ti bàjẹ́, àwọn kan ń wo ilẹ̀. Ta ló fẹ́ sọ fún tíṣà lójú bàbá àti ìyá ẹ̀ pé ó ṣì í?

Ni Adákẹ́ bá dìde. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ohùn tín-ín-rín:

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi hàn wá bẹ́ ẹ ṣe débẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé sókè. Mẹ́rin ò tó, ó fẹ́ yá lọ́wọ́ odo. Odo náà ò ní, ó lọ yá lọ́wọ́ mẹ́ta, ó di mẹ́wàá. Ó fún mẹ́rin ní ọ̀kan, ó ku — mo dúró. Ó ku mẹ́sàn-án. Mẹ́wàá ni mo fi ṣe é. Mo pa 146 rẹ́, mo kọ 136. Ariwo ayọ̀ sọ.

Adákẹ́ ò bú mi, kò sọ pé mo ṣì í, kò sì dákẹ́. Ó ti rí ọ̀nà tí ọmọ lè gbà mú àgbà padà sọ́nà tí ojú ò fi ní í ti àgbà. Ohun tí mo wá tì nínú ìwé Fihàn-mí, ọmọ yìí rí i níbẹ̀. Mo sunkún. Mo ní ẹfun ló kó sí mi lójú.

Mo kọ 304 − 168 = 146 sórí páálí, mo gbé e kọ́ ògiri fúnra mi. Adákẹ́ wá gbé 52 − 17 = 45 tiẹ̀ bọ̀, ó ní kí n bá òun kọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Èmi ò ní kó mú un wá o.

Nígbà tí àwọn ènìyàn lọ tán, apoògùn ṣì jókòó. Mo ti ń múra ìjà. Kò dárúkọ ilé ìwé kankan. Ó ní ọmọbìnrin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù òun, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó yẹ oògùn tí òun bá dì wò kó tó jáde.

Ó ní, "Ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ mi, Tíṣà. Kò sọ ọ́ rí pé mo ṣì í. Mo máa ń fi yangàn tẹ́lẹ̀." Ó ń wo páálí méjèèjì. Ojú ẹ̀ ti yí padà.

Ó ní kí n jọ̀ọ́ kọ gbólóhùn "ẹ fi hàn wá" tí ọmọ òun sọ sórí páálí kan fún òun, òun fẹ́ lọ lẹ̀ ẹ́ síwájú ibi tí ọmọbìnrin yẹn ń jókòó. Mo kọ ọ́ gàdàgbà. Mo gbé e lé e lọ́wọ́.

Mo ní, "Rárá, sà. Iwájú ibi tí ẹ̀yin ń jókòó ni kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ sí, kó lè mọ̀ pé ẹ gbà kí òun bi yín."