Kẹ̀kẹ́ Tí Kì Í Mu Epo Bánjọ

Jayé ọmọ mi, ọkọ mi, Àjàní tó ń gbé orúkọ mi ga ní Kétu,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun kó o tó jáde? Olúwa tí kì í tòògbé yóò máa ṣọ́ ọ lójú títì, àmín. Ara gbogbo wa le níbí, ewúrẹ́ mi ti bí méjì. Kúnbi tíṣà ló ń bá mi kọ ìwé yìí, mo sì ti kìlọ̀ fún un kó má fi tiẹ̀ kún un.

Fọ́ọ̀mù kẹ̀kẹ́ oníbátìrì tó o fi ránṣẹ́ ti dé. Mo jó dé ilé ìyá Ruqoyah kí n tó rántí pé mi ò wọ bàtà. Kúnbi kà á pé ẹni tó bá fi kẹ̀kẹ́ elépo rẹ̀ sílẹ̀, ìjọba yóò fún un ní tuntun, òun náà yóò sì máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó dáa. Àmọ́ wọ́n ní bí iná bátìrì bá ti tán, wàá gbé e sílẹ̀ ní Ọjọ́ta, wàá sì gbé ti ẹlòmíràn tó ti gba iná lọ. Jayé, ta ni ẹlòmíràn yẹn? Irú ilé wo ló ti wá? Nílé ẹ̀rọ tí a ti ń lọ ẹ̀gẹ́, bí mi ò bá so aṣọ pupa mọ́ etí abọ́ mi, ẹ̀gẹ́ ẹlòmíràn ni mo máa rù délé. Mo ti fi aṣọ pupa kan sínú ìwé yìí, so ó mọ́ bátìrì rẹ, kó o sọ fún wọn pé tìrẹ nìkan lo fẹ́.

Onídùúró méjì ni wọ́n ń fẹ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn yóò fi àyè rẹ fún ẹlòmíràn. Mo ti tẹ̀ka tèmi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n lè mú èyí tó bá wù wọ́n. Mo wá gbé e lọ bá Bánjọ àbúrò mi, níbi tó ti ń ta epo bẹntiróòlù lẹ́bàá títì. Ó ní ṣé kẹ̀kẹ́ tí kì í mu epo ni kí òun dúró fún, kí ni àwọn ọmọ òun yóò máa jẹ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí òótọ́ ni, epo yẹn ló sì ń tà tó fi bá mi san owó ilé ìwé rẹ.

Mo padà sílé, mo ní kí Kúnbi ka fọ́ọ̀mù náà dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ibẹ̀ la ti rí i pé wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ẹnì kan nínú ẹbí awakọ̀, ẹni tí kẹ̀kẹ́ tuntun bá fẹ́ ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, pé wọn yóò kọ́ ẹni náà níṣẹ́ bátìrì lọ́fẹ̀ẹ́ ní Èkó fún oṣù mẹ́ta. Ta lo kọ síbẹ̀? Èmi! Mo mọ̀ pé o fẹ́ kí n wá jókòó tì ọ́, o ṣeun, ṣùgbọ́n àkàrà ni mò ń dín, kẹ̀kẹ́ kankan kò lè bà á jẹ́. Mo ní kí Kúnbi pa orúkọ mi rẹ́, kó kọ Bánjọ síbẹ̀. Ó pa á rẹ́ títí ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. Mo gbé e padà lọ bá Bánjọ, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ sí i.

Jọ̀ọ́, fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ránṣẹ́ sí mi, mo yá owó ọkọ̀, kó o sì fi díẹ̀ kún un fún ewúrẹ́ tó bímọ. Olúwa yóò fi òróró sí ọ̀nà rẹ, ilẹ̀ Èkó kò ní lé ọ.

Bánjọ tó gbé ìwé yìí fún ọ kò kàn wá jíṣẹ́ o. Ẹní tó wà lábíyá rẹ̀ yẹn, tiẹ̀ ni, oṣù mẹ́ta ni yóò fi sùn lórí rẹ̀ nínú yàrá rẹ. Fún un ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó máa ń tapá tasẹ̀ lójú oorun.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, Àpèkẹ́.