Nígbà Tí Akọ Ẹpìyà Ńlá Tán Nínú Ibú

Datcha, lẹ́bàá Atakpamé,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta, ọdún 1933.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Fádáhùnsí,

Mo kí ọ láti ilé dé Kùmásí tí o wà. Mo gbàgbọ́ pé ara rẹ le, àti pé iṣẹ́ oko kòkó kò pa ọ́ lára. Èmi àti ìyá rẹ wà láàyè. Orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu, àgbà kò sì lè bá orúnkún rẹ̀ jà.

Ìròyìn odò ni mo fẹ́ fi ṣáájú, nítorí ó rọrùn fún mi ju èkejì lọ. O mọ̀ pé èmi ni mò ń ṣọ́ ibú, o sì mọ̀ pé a kì í ju àwọ̀n sí i nígbà tí akọ ẹpìyà bá ń gbẹ́ ihò tí abo yóò yé ẹyin sí sínú iyanrìn. Lọ́dún tó kọjá, àwọn àgbà ìlú ṣí èèwọ̀ náà, kí a lè rí ẹja tà fún àgọ́ àwọn tó ń la ojú irin. Mo jà títí, wọn ò gbọ́. Akọ tó bá ń ṣọ́ ihò kì í sá, nítorí náà àwọn ńlá ni wọ́n kó tán.

Tẹ́lẹ̀, abo ẹpìyà kì í gba ẹni tó bá ṣáà ti yọjú. Yóò wo ihò kan, yóò fi í sílẹ̀, yóò lọ sí òmíràn, títí yóò fi rí akọ tó sanra tí ihò rẹ̀ fẹ̀. Lọ́dún yìí mo jókòó lórí àpáta, mo ń wò wọ́n. Àwọn akọ tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi ló ń gbẹ́ ihò. Mo rò pé àwọn abo yóò kọ̀ wọ́n. Wọn ò kọ̀. Bí a ò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Àánú ṣe mí, inú mi sì tún dùn pé ibú kò ní ṣófo.

Ọmọ mi, bẹ́ẹ̀ náà ni ìlú wa rí báyìí. Ẹ̀yin géńdé ti sá fún iṣẹ́ àfipáṣe ojú irin lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ku àwa arúgbó àti àwọn tí irùngbọ̀n wọn ò tí ì kún. Ìbíọlá, àfẹ́sọ́nà rẹ, dúró dè ọ́ títí. Ṣàngówáwa, bàbá rẹ̀, ń retí ẹni tí yóò wá kọ ebè iṣu fún un bí àna ti í ṣe. Michel àbúrò rẹ ló ń lọ kọ ebè náà lórúkọ rẹ, lọ́dọọdún. O kò fèsì sí ìwé wa kankan. Níkẹyìn, ọmọbìnrin náà wá kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní: "Bàbá, ẹni tó ń kọ ebè ni mo rí. Òun ni mo fẹ́."

Mo mọ̀ pé àbúrò kì í ṣíwájú ẹ̀gbọ́n gbéyàwó nílé wa, ká má tilẹ̀ sọ pé kó fẹ́ àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ó dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n Ìbíọlá kì í ṣe ẹja; ó ní ẹnu, ó sì ti fi sọ̀rọ̀. Mo ti gbà fún un. Èmi ni kí o bínú sí, má bínú sí Michel.

Ilé yìí ṣì jẹ́ tìrẹ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ lọ́nà, kí ó mú ọ bọ̀ ní àlàáfíà, kí ọ̀rọ̀ yìí má sọ ọmọ ìyá di ọ̀tá.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń retí rẹ,
Ògúnlàdé.

Ọ̀rọ̀ àfikún: Michel ní òun kò ní gbé Ìbíọlá wọlé títí ìwé rẹ yóò fi dé. Mo bá a lẹ́yìn àká láàárọ̀ yìí, ó ń sunkún. Jọ̀wọ́ fèsì, bó tilẹ̀ jẹ́ èébú lásán ni o máa kọ.