Aago Márùn-ún Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Ṣakí,
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlá oṣù Karùn-ún.

Mùyìbátù ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Mo gbà á ládùúà pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín nínú ìlera. Ara tèmi kò burú, àyàfi ẹsẹ̀ òsì àti oorun tí kì í kún ojú mi. Mo gbọ́ pé òjò ńlá rọ̀ n'Ìbàdàn. Ṣé ẹ ti gé ẹ̀ka igi tó dorí kọ òrùlé yín? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti sọ ọ́. Ǹ bá pè ọ́, ṣùgbọ́n o máa ń dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu lórí fóònù, èyí kò sì ṣe é gé sí méjì.

Ọ̀rọ̀ sáfà ni, kọ̀ǹpútà tó ń bá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Nígbà tí o gbé e kalẹ̀ sí ọ́fíìsì wa, o jókòó ti èmi akọ̀wé ẹgbẹ́ àti Débọ́lá, ọmọbìnrin tí ẹgbẹ́ gbà láti máa tọ́jú rẹ̀. O ní a kò ní máa pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé kan ṣoṣo ló wà, Nix, èdè kọ̀ǹpútà kan, ni o fi kọ ọ́, ó sì sọ bí ẹ̀rọ yóò ti rí látòkè délẹ̀. Ohun tó bá wà nínú ìwé ni ẹ̀rọ yóò jẹ́. Ohun tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ yí nǹkan padà, inú ìwé ni yóò ti yí i, Git tó ń pa ìtàn ìwé náà mọ́ yóò sì tọ́jú orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tó ṣe é, àti ìdí rẹ̀. Èyí tó dúró sí mi lọ́kàn jù ni pé orúkọ ẹni kì í parẹ́ níbẹ̀ mọ́.

Iṣẹ́ sáfà náà kò ju kó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn àgbẹ̀ tó kàn láti lo katakata ẹgbẹ́ lọ́jọ́ náà. Aago mẹ́jọ àárọ̀ lo kọ sínú ìwé. Àgbẹ̀ ìlú Ilero ti kọ ogún ebè kí aago mẹ́jọ tó lù, nínú oko tí fóònù kì í ti í dún. Mo ń rò ó lójoojúmọ́ pé ọjọ́ kan ni katakata yóò dé tí kò ní bá ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ tún un kọ sínú ìwé, ẹ̀rù bà mí. Bí mo bá ṣi àmì kan fi, tí gbogbo rẹ̀ sì dàrú, orúkọ Ràsáàkì Ládòkun ni wọn yóò máa rí níbẹ̀ títí ayé. Nítorí náà, nígbà tí Débọ́lá lọ kírun Àsárì, mo lo pásíwọ́ọ̀dù tí o fún mi, mo wá ibi tí aago wà lórí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, mo pa mẹ́jọ rẹ́, mo fi márùn-ún sí i. N kò fọwọ́ kan ìwé rárá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àtẹ̀jíṣẹ́ fi ń dé kí wọ́n tó kírun Súbúhì. Débọ́lá rò pé ìwọ lo ṣe é. Mo jẹ́ kó máa rò bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, o fi àtúnṣe kan ránṣẹ́ láti Ìbàdàn. Ẹ̀rọ tún ara rẹ̀ tò bí ìwé ti wí, aago márùn-ún mi sì parẹ́, ó padà di mẹ́jọ. Lọ́jọ́ kejì, àwọn àgbẹ̀ Ipapo ló kàn. Kí àtẹ̀jíṣẹ́ tó jáde, gbogbo wọn ti lọ sí oko iṣu tó jìn. Awakọ̀ katakata dúró títí di ìrun Àílà, kò rí ẹni tí yóò fi ààlà ilẹ̀ hàn án, ó sì gbéra lọ sí Àgọ́-Àrẹ tó tẹ̀ lé wọn, bí òfin ẹgbẹ́ ti wí. Ìdílé mẹ́rìndínlógún ni a kò bá ro ilẹ̀ àgbàdo wọn. Ó di ogúnjọ́ kó tó tún kàn wọ́n, òjò kì í sì í dúró de ènìyàn.

Ní Ọjọ́rú, ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n sì pè ọ́ lórí fóònù. O rántí ohun tí o sọ. O ní aago mẹ́jọ ló wà nínú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀, pé ẹnìkan ló fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ. Wọ́n ní ta ni. O ní, “Ẹni tó ń jókòó tì í ni kí ẹ bi.” Gbogbo ojú yí sí Débọ́lá. Ó búra pé òun kọ́. Alága wa, Alhaji Ṣùkúrù, ní àwọn méjì péré ló ní pásíwọ́ọ̀dù, akọ̀wé sì nìyí tó ń yọ wáyà tẹlifíṣọ̀n ilé rẹ̀ bí òjò bá ti ṣú. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí Débọ́lá lọ jókòó sílé, pé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni àwọn yóò pinnu bóyá iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mo kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé náà. Mo kọ orúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó jẹ̀bi, mo sì bu ọwọ́ lù ú.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, kí Alága tó ka ìpinnu, mo dìde, mo ní èmi ni. Wọn kò gbà mí gbọ́. Alága ní, “Bàbá Mùyìbátù, ẹ má fi àánú ru ẹrù ọmọ ọlọ́mọ.” Mo ní kí wọ́n tẹ̀ lé mi lọ sídìí ẹ̀rọ. Mo fi ibi tí mo gbà wọlé hàn wọ́n, àti ohun tí mo tẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n gba ìwé akọ̀wé lọ́wọ́ mi, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Débọ́lá. Àwọn ará Ipapo kò gba ẹ̀bẹ̀ mi. Ọkọ́ ni wọ́n fi ń ro ilẹ̀ náà báyìí.

Lánàá, mo lọ bẹ Débọ́lá ní ọ́fíìsì. Ó jẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀ tán. Ó ní, “Bàbá, ẹ̀bẹ̀ ẹnu kò sí nínú Git. Ẹ jókòó, ẹ kọ ọ́.” Mo jókòó. Mo kọ aago márùn-ún sínú ìwé, mo sì gbàgbé àmì kan; ẹ̀rọ kọ̀ ọ́, ó sọ ìlà tí mo ti ṣì í, kò sì sí ohun tó bàjẹ́. Mo tún un ṣe. Níbi tí ìdí máa ń wà, mo kọ ọ́ pé èmi ni mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ yí aago náà, pé Débọ́lá kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Wàá rí i bí o bá ṣí i.

Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí ìbẹ̀rù sọ wá di ẹni tó ń fi ọmọ ọlọ́mọ bo ara rẹ̀. Kó ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, kó dá àwọn ọmọ sí fún ọ, kó sì jẹ́ kí a fojú kan ara wa láyọ̀ nígbà Iléyá. Ẹ má rìn lálẹ́ bí ẹ bá ń bọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń gbàdúrà fún ọ,
Ràsáàkì Ládòkun.

Àfikún: Débọ́lá ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í dárúkọ rẹ. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀ nígbà tí o sọ ọ̀rọ̀ rẹ lórí fóònù. Èmi ti sọ tèmi. Ìgbìmọ̀ yóò tún jókòó ní Ọjọ́rú. Ìgbà yẹn ni kí o pè láti bẹ Débọ́lá, kí àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lè gbọ́.