Ẹ̀bẹ̀ tí Mo Bẹ̀ fún Ọ̀gá Rẹ ní Ilé Ìgbìmọ̀

Abúlé Afọlábí,
Lọ́nà Ìfọ̀.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta, 1956.

Mùsáfírù ọmọ mi,

Àsàlámù àlékun. Ṣé Ìbàdàn ń gbè ọ́? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí òkè ibẹ̀ rẹ̀ ọ́, kò ní jẹ́ kí o rí ìjà ọ̀gá, kò ní jẹ́ kí ìwé tí ò ń kọ ní ọ́fíìsì fọ́ ọ lójú. Ìyá rẹ Wúlẹ̀mọ̀tù ní kí n kí ọ. Àbúrò rẹ Ròkíátù náà kí ọ, oyún inú rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ, ó ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ tó ń lọ sódò. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí mẹ́ta, ó sì fẹ́ fi orúkọ rẹ pe ọ̀kan nínú wọn nítorí àárò rẹ tó ń sọ ọ́, èmi ni mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ ìwé yìí o, n kò bẹ ẹnikẹ́ni. Tíṣà ẹ̀kọ́ àgbà wa sọ pé lẹ́tà kò gbọdọ̀ ju ojú ìwé méjì lọ, ṣùgbọ́n tíṣà kò ní ọmọ ní Ìbàdàn, kò mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń pọ̀ nínú bàbá.

Ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ bi ọ́, kí n tó sọ ohunkóhun, ni pé ṣé iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ? Bí ọ̀gá rẹ Mínísítà bá ti lé ọ, má fi pa mọ́ fún mi, èmi ni mo fà á. Jẹ́ kí n rò fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

O mọ ilé ìgbẹ̀bí tí a kọ́ sẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Ọ̀wẹ̀ la fi kọ́ ọ, a mọ ògiri, a kan páànù, a fi ẹfun kùn ún, ìjọba sì ti ṣèlérí pé tí a bá ti kọ́ ọ tán, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí yóò dé. Láti òjò ọdún tó kọjá la ti ń wọ̀nà, a ò rí nọ́ọ̀sì, a ò rí ẹni tó jọ ọ́. Àwọn aboyún wa ṣì ń gun ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìfọ̀, máìlì márùn-ún gbáko. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún yìí ni ìyàwó Tàjùdéèn, aládùúgbò wa, bímọ sídìí igi ọsàn lójú ọ̀nà, Ọlọ́run ló yọ tìyátọmọ. Nígbà tí a pe ìpàdé lé e lórí, inú bí mi ju ti gbogbo wọn lọ nítorí ikùn Ròkíátù tí mò ń rí lójoojúmọ́. Èmi ni mo sọ̀rọ̀ jù, èmi ni mo ní kí a kọ ìwé ẹ̀sùn, èmi náà ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, mo sì kọ orúkọ mi gbọọrọ, n kò tẹ̀ka bí àwọn tó kù.

A gbé ìwé náà lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ ní Ìfọ̀, ẹni tí a dìbò fún kó máa ṣojú wa ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ó kà á tán, ó ní òun yóò sọ ọ́ di ìbéèrè, òun yóò sì bi Mínísítà lójú gbogbo ayé. Mo ní ṣé kò lè rọra lọ bá a nílé ni, kó mú nǹkan dání, ṣebí ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní wọn kì í ṣe é bẹ́ẹ̀, pé owó orí wa ni Mínísítà fi ń ṣèjọba, nítorí náà ẹni tí a bá rán lọ lẹ́tọ̀ọ́ láti dìde kó bi í pé kí lo ṣe, kí ló dé tí o kò ṣe é, ìgbà wo lo máa ṣe é, Mínísítà kò sì gbọdọ̀ bínú, kò gbọdọ̀ sọ pé òun ju ẹni tó ń bi òun lọ, dídìde ni yóò dìde, tí yóò dáhùn. Ọ̀rọ̀ náà yà mí lẹ́nu púpọ̀. Ní abúlé wa níhìn-ín, ta ló jẹ́ bi baálẹ̀ báyẹn? Ó wá ní kí ẹni méjì bá òun lọ fi ojú ara wọn rí i, wọ́n sì yan èmi àti Alfa Nọ́fíù.

A wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ìfọ̀, a sì sùn ní ilé tí Bádéjọ wọ̀ sí. Mo fẹ́ kí ojú mi bá ọ lójijì ni n kò fi ránṣẹ́ sí ọ. Mo gbé àkùkọ pupa kan dání, mo ní tí ìbéèrè bá ti parí, n óò gbé e wá fún ọ ní ọ́fíìsì. Nígbà tí a dé Ilé Ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ kejì, ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà ní àkùkọ kò lè wọlé. Mo ní kò ní sọ̀rọ̀. Ó ní kò sí ẹni tó gbé àkùkọ wá tí kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó so ó mọ́ ìdí òdòdó, ó sì ní kí àwa gba òkè lọ síbi tí àwọn àlejò ń jókòó sí.

Mùsáfírù, mo rí nǹkan. Ọkùnrin kan jókòó sórí àga gíga, ó dé irun funfun tí kì í ṣe tirẹ̀, ó wọ aṣọ dúdú nínú ooru yẹn, ọ̀pá wúrà kan sì nà gbalaja síwájú rẹ̀. Mo sọ fún Alfa pé adájọ́ nìyẹn. Àwọn tó kù pín sí ọ̀nà méjì, wọ́n kọjú síra wọn bí ẹbí ọkọ àti ẹbí ìyàwó. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, àmọ́ ọkùnrin kan jókòó tì mí, Lásúnkànmí ará Ìbàfò, òun ló ń túmọ̀ fún wa. Ó ní apá kan ni ìjọba, àwọn apá kejì kò sí nínú ìjọba rárá, iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa wá ibi tí ìjọba ti ṣìṣe. Mo ní ṣé wọ́n ń sanwó fún àwọn náà? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, lóṣooṣù. Ìjọba wa yìí mà ní sùúrù o.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á pe nọ́ńbà, aṣòfin kan á dìde, á ní òun ń bèèrè ìbéèrè tó wà lórúkọ òun, Mínísítà á dìde, á ka ìdáhùn rẹ̀ láti inú ìwé. Mo rò pé ó parí síbẹ̀, àṣé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, ẹlòmíràn á tún fò dìde pé pẹ̀lú ohun tí Mínísítà sọ yìí, ṣé kò rí i pé báyìí báyìí. Lásúnkànmí ní ìbéèrè àfikún nìyẹn, kò sí nínú ìwé, òun ni Mínísítà ń bẹ̀rù jù. Wọ́n bi Mínísítà kan nípa afárá títí ó fi nu ojú nígbà mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ó lè bí gbogbo àwọn tó ń bi í. Níbi tí wọ́n ti tọ́ èmi, tí ọ̀rọ̀ bá ká àgbà mọ́ láwùjọ, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ bá a bẹ̀bẹ̀, kódà kó jẹ́ ẹni tó mú ẹjọ́ wá. Nínú ilé ńlá yẹn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó dọ̀bálẹ̀.

Wọ́n wá pe tiwa. Bádéjọ dìde, ó bèèrè, bàbá kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun sì dìde láti dá a lóhùn. Mo bi Lásúnkànmí pé ta nìyẹn. Ó dárúkọ iléeṣẹ́ tí bàbá náà jẹ́ Mínísítà fún. Ọmọ mi, ara mi bù máṣọ. Iléeṣẹ́ tí mo máa ń kọ sẹ́yìn àpòòwé tí mo bá kọ̀wé sí ọ ni! Àṣé ọ̀gá ọmọ mi ni mo fi ẹ̀sùn kàn. Mo rò ó lọ́kàn mi pé tí wọ́n bá dójú tì í níbẹ̀, tó bá padà dé ọ́fíìsì, yóò bèèrè pé ta ni Yésúfù tó kọ orúkọ gbọọrọ yìí, wọ́n á ní bàbá Mùsáfírù ni, ó di kí o máa kó ẹrù rẹ bọ̀. Bàbá náà ṣí ìwé rẹ̀, kò tètè rí ojú ewé tó ń wá, àwọn ọ̀dọ́ apá kejì sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo dìde, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàárín àga, mo ké pé ẹ jọ̀wọ́, ẹ foríjì í, ẹ jẹ́ kó jókòó nítorí Ọlọ́run, àwa tí a ni ìbéèrè ti gbà á padà, a ò bèèrè mọ́.

Onírun funfun sọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọlọ́pàá méjì sì ti mú mi lápá. Wọ́n ṣe é jẹ́jẹ́, ọ̀kan tiẹ̀ bá mi gbọn eruku agbádá mi, ṣùgbọ́n wọ́n mú mi jáde kí bàbá náà tó dáhùn. Mo jókòó ti àkùkọ mi nídìí òdòdó. Nítorí rẹ ni n kò fi yà sí ọ́fíìsì rẹ mọ́, kí wọ́n má bàá mọ̀ pé bàbá rẹ ni mí. Nígbà tí Alfa jáde, mo bi í pé kí ni Mínísítà wí. Ó ní Lásúnkànmí rẹ́rìn-ín títí kò lè túmọ̀ mọ́. Bí a ṣe padà wálé nìyẹn, wọ́n sì ń pè mí ní Lọ́yà Mínísítà káàkiri abúlé, ìyá rẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ fún odindi ọjọ́ méjì.

Àná lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ ni Bádéjọ gbé ìdáhùn náà wá ní títẹ̀, ó sì kà á fún gbogbo wa níwájú mọ́ṣáláṣí. Mínísítà ní iléeṣẹ́ òun ti fi nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ sí Abúlé Afọlábí lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù Disẹ́ńbà. Ó ní nọ́ọ̀sì náà yìn wá fún ilé tí a kọ́, ṣùgbọ́n ó yọjú lójú fèrèsé wo yàrá tó yẹ kó máa gbé, ó rí i pé irè oko ló kún inú rẹ̀ dé àjà, kò sì bá ẹnì kankan nílé nítorí pé ọjọ́ ọjà ni. Ó dúró títí di ìrọ̀lẹ́, ó sì bá ọkọ̀ padà. Mínísítà ní bí a bá kó irè oko náà kúrò, ẹlòmíràn yóò dé ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù tó ń bọ̀.

Mùsáfírù, o mọ irè oko náà. Agbọ̀n obì mi mẹ́rìndínlógún ni. O sùn sáàárín wọn nígbà tí o wá lo ìsinmi Kérésì, o ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó obì yìí kúrò ní yàrá nọ́ọ̀sì, mo sì bi ọ́ pé nọ́ọ̀sì wo. Nọ́ọ̀sì ti wá, ó ti lọ.

Bádéjọ fà mí sí kọ̀rọ̀, ó ní Mínísítà kọ́ ló ń kọ ìdáhùn fúnra rẹ̀, àwọn akọ̀wé rẹ̀ ló ń tú fáìlì kọ ọ́ fún un, pé ìwọ ni wọ́n fún ní tiwa kọ. O mọ ẹni tó ni obì, o sì kọ irè oko. Omi bọ́ lójú mi, mo sọ fún Bádéjọ pé eruku ni. Èmi tí mo dọ̀bálẹ̀ kí ọ̀gá rẹ má bàá dáhùn, ọmọ mi gan-an ló ń dá mi lóhùn.

Ǹ bá dákẹ́, kí n fi àṣírí tí o bò jókòó jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n ariwo ti sọ pé irè oko ta ni, àwọn kan sì ti ń wo Tàjùdéèn, nítorí òun náà ń ṣòwò obì. Tàjùdéèn tí ìyàwó rẹ̀ bí sídìí igi ọsàn! Mo dìde, mo ní èmi Yésúfù ni mo ni ín. Ìbéèrè bá dé. Baálẹ̀ bèèrè pé ta ló fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Tàjùdéèn bèèrè pé nígbà tí mò ń pariwo nípàdé, ṣé n kò mọ̀ pé obì mi wà nínú yàrá náà ni. Mo ní mo mọ̀, mo rò pé tí nọ́ọ̀sì bá dé n óò kó o jáde kíá. N kò ní ìwé kankan tí mo lè máa kà. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, bóyá ẹnì kan á dọ̀bálẹ̀ fún èmi náà, kò sí. Ròkíátù ló bèèrè gbẹ̀yìn. Ó di ikùn rẹ̀ mú, ó fi ìnira kúnlẹ̀, ó ní Bàbá, ká ní èmi ni ọ̀nà ká mọ́ tí n kò sì yè é, ta ni ẹ̀ bá fi ẹ̀sùn kàn?

Mo lọ ṣí yàrá náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé agbọ̀n, agbọ̀n kejì ni mo ń tiraka gbé nígbà tí mo rí i pé Tàjùdéèn ti di etí kejì mú. A jọ kó o títí ó fi tán, lẹ́yìn náà ló ní obì náà dára, kí n fún òun ní ọ̀kan, a sì rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ ti fọ yàrá náà. Obì wà nínú yàrá mi báyìí, èmi sì ń sùn ní pálọ̀.

Baálẹ̀ ní kí n ra bẹ́ẹ̀dì onírin fún nọ́ọ̀sì kí ọkàn mi lè balẹ̀. Mo ní ọmọ mi á rà á. Nítorí náà, bí iṣẹ́ bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, bá mi fi pọ́n-ùn méjì ránṣẹ́, kí o sì fi ṣílè díẹ̀ lé e fún agbòjò, tèmi ti ya. Àkùkọ rẹ wà níbí, n kò lè pa á jẹ mọ́, ẹyẹ tó bá ti dé Ilé Ìgbìmọ̀ kì í ṣe ẹyẹ kékeré. Bá mi kí Mínísítà, àmọ́ tó bá bèèrè pé ta ló ń kí òun, fọgbọ́n dáhùn.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lóde, á ṣọ́ ọ nílé. Ilé ayé á bi ọ́ ní ìbéèrè, kò sí ẹni tí kì í bi, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí wọ́n bi ọ́ ní èyí tí ojú yóò tì ọ́ láti dáhùn. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Yésúfù tó ni obì.