Mo Tú Ìkọ́ Ilẹ̀kùn Yàrá Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà

Chizuru ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Tokyo, ṣé o ń jẹun? Kí ikọ́ má mọ ilé rẹ, kí ọkọ̀ ojú irin má fi ọ́ sílẹ̀. Ìyá rẹ kí ọ, orúnkún ló ń dùn ún, ẹnu rẹ̀ kò ní àìsàn kankan.

Ìwé tí o kọ ti dé. Ìyá rẹ ló ń kà á sí mi létí lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán nítorí ojú mi. Chizuru, àyà mi já. Yìnyín dí ọ̀nà mọ́ àwọn àlejò nílé àlejò orí òkè, wọ́n bá oníṣòwò kan ní òkú nínú yàrá, ilẹ̀kùn wà ní títì láti inú, kò sí ojú ẹsẹ̀ kankan níta. Mo bi ìyá rẹ pé ọdún wo lèyí ṣẹlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Ó ní ìtàn àròsọ ni. Mo ní báwo ni yóò ṣe jẹ́ àròsọ, nígbà tó o kọ ọ́ pé onílé àlejò náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń hanrun, ó sì máa ń ka bàtà sílípáàsì àwọn àlejò láràárọ̀? Nínú gbogbo onílé àlejò Akita níbí, ta ló ń ka sílípáàsì bí kò ṣe èmi?

Mo wọ bàtà lọ bá Odashima ọlọ́pàá, mo ní mo wá sọ tẹnu mi kí wọ́n tó wá mú mi. Ó bu tíì fún mi, ó ní ta ló pa ọkùnrin náà. Mo ní a ò tíì kà á débẹ̀. Ó ní tá a bá kà á débẹ̀ kí n jọ̀ọ́ kí n panu mọ́, òun ti forúkọ sílẹ̀ fún ìwé náà nílé ìkàwé, òun ló kàn lẹ́yìn ẹni mẹ́jọ. Ọlọ́pàá wa nìyẹn. Ni mo bá fi káàdì tó wà nínú ìwé jẹ́rìí, èyí tí àwọn tó tẹ ìwé náà fi ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá kà á. Wọ́n ní níbo ni mo ti gbọ́ nípa ìwé yìí, mo kọ ọ́ pé lẹ́nu ọmọ mi. Wọ́n ní báwo ló ṣe rí lára mi, mo kọ ọ́ pé mo wà nílé lọ́jọ́ náà, ìyàwó mi lè jẹ́rìí.

Lẹ́yìn ìyẹn mo tú ìkọ́ tí àwọn àlejò fi ń ti ilẹ̀kùn láti inú, yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ìyá rẹ ní ṣé orí mi pé, ṣé àlejò á máa bọ́ṣọ nínú yàrá tí kò ṣe é tì. Mo ní yàrá tí kò ṣe é tì, kò sẹ́ni tó lè kú mọ́ inú rẹ̀.

Yìnyín wá rọ̀ fọ́jọ́ mẹ́rin, bọ́ọ̀sì ò wá mọ́. Àlejò kan ṣoṣo la ní, Ọ̀gbẹ́ni Nagamine, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń wá wẹ omi gbígbóná tó ń sun látinú òkè wa lọ́dọọdún. Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún kò jáde wá jẹun. Ìyá rẹ pè é títí, kò dáhùn. Mo fa ilẹ̀kùn, ó ṣí gbayawu, ọkùnrin náà sì nà gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlégbóná, ojú rẹ̀ pupa bí ẹni mutí. A wọ́ ọ jáde, a ṣí gbogbo fèrèsé, ìyá rẹ ń gbá a létí, ó ń pe orúkọ rẹ̀ bí ẹni ń pe ọmọ wá jẹun. Nígbà tó yá, ó húkọ́. Nọ́ọ̀sì tó bá Odashima gun òkè wá ní yìnyín ló dí ẹnu páìpù tí èéfín ń gbà jáde, ó ní ká ní ilẹ̀kùn la ṣì ń já, òkú la ò bá gbé.

Gbogbo wọn ń yìn mí, kò sì dùn mọ́ mi. Èmi ló yẹ kí n máa fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò lẹ́nu páìpù yẹn, apààyàn inú ìwé ni mo ń wá kiri. Mo lọ wólẹ̀ níwájú Ọ̀gbẹ́ni Nagamine, mo ní díẹ̀ ló kù kí n pa á. Ó gbé abọ́ ìrẹsì rẹ̀ sílẹ̀, ó ní ó dáa, èmi ni mo pa òun, èmi náà ni mo jí òun, kí n dìde kí n lọ bá òun mú ìwé ọmọ mi wá. Ó ti kà á dé ìdajì. Ó ní onílé àlejò yẹn lòun fura sí.

Bí wọ́n bá ti sanwó ìwé fún ọ, jọ̀ọ́ fi díẹ̀ ránṣẹ́, ká fi ra ẹ̀rọ kékeré tó ń ké bí èéfín bá pọ̀ nínú yàrá. Má fi í sínú fóònù bíi tìjọ́sí, mo yẹ fóònù náà wò níwájú lẹ́yìn, n ò ríbi tí owó ń gbà jáde.

Kí ọwọ́ tó o fi ń kọ̀wé má rọ. Kí ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé tọ̀ ọ́, fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde.

Èmi ni bàbá rẹ,
Kumagai Tokuji