Káàdì Géèmù Rẹ Wà Lọ́wọ́ Mi

Tófúnmi,

Má wá káàdì tòkúnbọ̀ tó ń gbé àwòrán géèmù jáde, èyí tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sínú kọ̀ǹpútà géèmù rẹ, kiri. Mo ti tú u, mo gbé e lọ síbi iṣẹ́. O jáde láàárọ̀ láì pa kọ̀ǹpútà náà. Bí iná ṣe dé ló bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín, Màmá sì ń sùn nínú pálọ̀ níbẹ̀. Mo sáré fa wáyà yọ. Mo pe Mùtíù tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe l'Ónípanu, ó ní, "Pawapáàkì àtijọ́ yẹn, tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà, ò lè gbé káàdì yìí. Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ ẹ̀."

O ò ní lè ní sùúrù títí a ó fi pààrọ̀ ẹ̀, mo mọ̀ ẹ́. Ó sàn kí n dé bá ẹ nínú ìbínú ju kí n má bá ẹ mọ́.

Bísí, ẹ̀gbọ́n ẹ